Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Erùpẹ̀ Pupa, Àpò Kòkó àti Ọgbọ́n Àwọn Ayàwòrán Àtijọ́

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán òde òní tí ojú wọn wà lára iṣẹ́ àwọn ọ̀gá àtijọ́, àmọ́ tí ọwọ́ wọn wà nínú erùpẹ̀, àpò, eérú àti ohun gbogbo tí a kì í tà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró. Gbogbo Èkìtì ni wọ́n ti wá. A mú mẹ́jọ dáhùn lóṣù yìí. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, ohun àjèjì tí ẹ fi ya àwòrán kọ́ ló jẹ̀bi. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni, tàbí ohun tó yẹ kó dì í mú tí kò dì í mú.

Ẹ kú uṣẹ́ o. Erùpẹ̀ pupa ẹ̀bá títì ni mo fi ń ya orí Ifẹ̀ sára pákó. Mo gún un, mo fi omi àti gọ́ọ̀mù díẹ̀ pò ó. Ó rẹwà nígbà tó tutù, àmọ́ bó ṣe gbẹ tán ló ń kù sọ́wọ́ bí èlùbọ́, ibòmíràn sì ń sán. Kí ni mo ṣì ṣe?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Nǹkan méjì ni. Ẹ kò yọ iyanrìn inú rẹ̀ kúrò, gọ́ọ̀mù yín kò sì tó. Iyanrìn kì í mu àwọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dì mọ́ pákó. Ibi tó ń sán ní tirẹ̀, amọ̀ inú erùpẹ̀ náà ló ń sún kì nígbà tó ń gbẹ, pàápàá níbi tí ẹ ti kùn ún nípọn.

Erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní àléébù. Irin tó ti dípẹtà ló sọ ọ́ di pupa, àwọ̀ ìpẹtà kì í sì í ṣá nínú oòrùn. Òun làwọn ènìyàn fi ya ẹranko sára ihò àpáta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tó ṣì wà níbẹ̀. Òun náà ni ayàwòrán Moyo Okediji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán Ọ̀nà sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1989 gbé lárugẹ, tí wọ́n rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti ẹ̀bá títì sílẹ̀, epo mọ́tò ti bà á jẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, kí ẹ bu èyí tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ dúdú, níbi tí gbòǹgbò kò dé.

Ẹ da kóńgò méjì sínú garawa omi lítà 10. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ gbogbo ògúlùtu rẹ̀, ẹ rò ó, kí ẹ wá ka oókan títí dé ọgọ́ta láìfọwọ́ kàn án. Iyanrìn á ti rì. Ẹ rọra da omi pupa tó wà lókè sínú garawa kejì, kí ẹ dáwọ́ dúró kí iyanrìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ẹ tún un ṣe láti garawa kejì sí ẹ̀kẹta. Ẹ bo ẹ̀kẹta mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omi á ti tòrò lókè, ẹrẹ̀ kíkúnná á wà nísàlẹ̀ bí ọ̀gì. Ẹ da omi nù, ẹ sá ẹrẹ̀ náà sórí ọ̀rá, kí ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ díẹ̀ lára gíláàsì, kí ẹ máa yí i: bí ó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, iyanrìn ṣì kù.

Bí ẹ bá rí erùpẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ má dà á nù. Ẹ yan án nínú agbada irin lórí iná èédú. Bí ooru bá ti sún mọ́ ìwọ̀n 300 Celsius, omi tó há sínú rẹ̀ á jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í di pupa. Ẹ máa bu díẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá; erùpẹ̀ kan ṣoṣo lè fún yín ní àwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bára mu bí ọmọ ìyá.

Nípa ohun tí yóò dì í mú, ẹyin adìẹ ni kí ẹ lò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ítálì ti lò ó kí òróró tó gba ipò rẹ̀. Ẹ ya pupa ẹyin sọ́tọ̀. Ẹ máa gbé e láti àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì, kí ẹ máa nu ọwọ́ tó ṣófo, títí funfun kankan kò fi ní kù lára rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì gbá awọ rẹ̀ mú, ẹ gún un nísàlẹ̀ kó ṣàn sínú ife, kí ẹ sọ awọ nù. Omi ṣíbí ìjẹun kan ni fún pupa ẹyin kan. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n ẹrẹ̀ àwọ̀ kan sí ìwọ̀n ẹyin kan. Ohun tí ẹ pò lónìí, ẹ lò ó tán lónìí.

Ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Ẹ kùn ún sára gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan, kí ẹ fi bíléèdì há a. Bí ó bá ká jọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo iṣu tí a fi ọ̀bẹ mímú bẹ, ẹyin ti tó. Bí ó bá dà bí eruku, ẹ fi ẹyin kún un. Bí ó bá ń dán bí ẹni pé òróró wà lára rẹ̀, ẹyin ti pọ̀ jù, ẹ fi àwọ̀ kún un.

Ó ku pákó. Ẹyin tó ti gbẹ a máa le, kò sì lè bá aṣọ tó ń mì rìn, nítorí náà orí pákó ni kó wà. Ẹ ra jẹ́látììnì tí àwọn oníkéèkì ń lò, èyí tí kò ní ṣúgà. Ìwọ̀n 1 rẹ̀ sí omi 12. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ife rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí á fi yọ́. Kò gbọdọ̀ hó, nítorí híhó ló ń pa agbára rẹ̀. Ẹ fi kun pákó níwájú àti lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ẹ wá ku calcium sínú èyí tó kù (lẹ́búlẹ́bú funfun ni; lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà fún àwọn tó ń po ọ̀dà ni ẹ ó ti rí i), títí á fi ki bíi mílíìkì inú agolo. Ẹ kùn ún ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, lóòró, kí èyí tó tẹ̀ lé e wà níbùú. Ẹ fi sáńpépà 220 ra á, kí ẹ fi 400 parí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tó dára a máa dà bí ẹ̀yìn ẹyin, ó ń mu omi, ó sì ń dán díẹ̀.

Òróró linsíìdì ti wọ́n jù. Ṣé mo lè fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà po àwọ̀?
*Adó-Èkìtì*

Rárá. Linsíìdì kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di awọ líle. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà kò ní irú ọ̀rá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwòrán yín yóò ṣì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á ti gbá gbogbo eruku ọyẹ́ jọ, á sì máa rùn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òróró inú àsálà tiwa yìí, èyí tí a ń sè jẹ, a máa gbẹ. Irú ọ̀rá tó wà nínú linsíìdì náà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹni tó lè fún un láìfi iná sí i, ẹ gbìyànjú rẹ̀ sórí pákó kékeré, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ. Ẹ má fi ya iṣẹ́ ńlá kí ẹ tó rí bó ṣe ṣe láàárín ọdún kan.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé "iṣẹ́ ọnà àtijọ́ tó jẹ́ àwòkọ́ṣe" ni ti Gíríìkì, Róòmù àti Ítálì. Ṣé ẹni tó bá wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀, kò tíì wo àwòkọ́ṣe ni? Báwo ni a sì ṣe lè sọ ère gbígbẹ́ di àwòrán kíkùn?
*Ìsẹ̀-Èkìtì*

Ó ti wò ó, ó sì ti wò ó dáadáa. Iṣẹ́ tí ọwọ́ àwọn ọ̀gá ti yọ́ mọ́, tó ní òfin tirẹ̀, tí ìran lẹ́yìn ìran sì ń padà sí láti kọ́ṣẹ́, òun ni a ń pè ní àwòkọ́ṣe. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ní ìwọ̀n àti ìfarabalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará Róòmù yóò bọ̀wọ̀ fún. Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1873 tó sì kú ní 1938, wà lára àwọn ọ̀gá náà. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914 ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. British Museum kò jẹ́ kó padà, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba fún Ògògà pààrọ̀ rẹ̀. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947, ilé iṣẹ́ ọnà àwọn Àgùdà tí Fadá Kevin Carroll wà nídìí rẹ̀ gba àwọn agbẹ́gilére bíi Lamidi Fakeye àti George Bandele, wọ́n sì fi ọgbọ́n ìgbẹ́gi Yorùbá gbẹ́ ìtàn Bíbélì. Pípa àwòkọ́ṣe méjì pọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì.

Ẹ wo òpó Ọlọ́wẹ̀ láti ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, olorì àgbà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìtẹ́. Obìnrin yẹn ga ju ọba lọ fíìfíì, òun ló sì ru àjà. Kì í ṣe pé Ọlọ́wẹ̀ kò mọ ìwọ̀n ara ènìyàn. Agbára ló fi ìtóbi sọ. Ẹ wo ilẹ̀kùn náà: àwọn ènìyàn yọ jáde kúrò lára pákó débi pé orí wọn yí sí ẹni tó ń wò wọ́n, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn sì kún fún ọnà tí a fi àwọ̀ kùn. Ẹ̀kọ́ méjì tí ayàwòrán lè mú lọ nìyẹn: ẹni tó ṣe pàtàkì ló tóbi, kò sì sí àyè òfìfo kankan lẹ́yìn wọn.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni fọ́tò tí a yà láti iwájú gan-an pẹ̀lú iná kámẹ́rà. Iná iwájú á pa gbogbo òjìji, ère á wá pẹlẹbẹ bí ìwé. Bí ẹ bá ní ère gbígbẹ́ nítòsí, èyí tó wù kó jẹ́, ẹ gbé àtùpà kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó ga ju orí ère náà lọ díẹ̀, kí ẹ pa ìyókù. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú èédú lórí ìwé tí ẹ ti pín sí àpótí 5cm, kí ẹ tó gbé e lọ sórí pákó.

Lórí pákó, ẹ fi erùpẹ̀ pupa tó ṣókùnkùn díẹ̀ kun gbogbo ìpìlẹ̀, kó gbẹ. Àwọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹran ara ère náà. Ẹ fi èédú wá òjìji, ẹ fi ẹfun gbé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà sókè, kí ẹ fi àárín sílẹ̀ bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ni Caravaggio, ọ̀gá ayàwòrán ará Ítálì, ṣe máa ń jẹ́ kí ìpìlẹ̀ pupa ríru rẹ̀ yọ jáde láàárín òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀, tí kò tún fi ọ̀dà mìíràn bò ó. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni, ó sì tó.

Àkíyèsí kan nípa ẹfun: nínú ẹyin tàbí jẹ́látììnì, funfun ni. Nínú òróró, á di eléérú bí omi ọṣẹ, á sì máa jẹ́ kí ìsàlẹ̀ hàn. Kì í ṣe pé wọ́n ta ẹfun ayédèrú fún yín; bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá nìyẹn nígbà tí òróró bá yí i ká. Ẹni tó bá ń lo òróró, titanium ni kó fi ṣe funfun.

Mo na àpò kòkó sórí férémù dípò kánfáàsì, mo sì fi ọ̀dà òróró ya Màríà àti Ọmọ rẹ̀ sí i. Oṣù mẹ́rin péré, ó ti rọ̀, ó ti bu lẹ́yìn, àwọ̀ ojú Màríà sì ti wọ inú àpò lọ.
*Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Ẹ kú ọkàn akin. Àpò ìdọ̀họ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn lọ́dọ̀ ayàwòrán. Alberto Burri ará Ítálì, tó jẹ́ dókítà kó tó di ayàwòrán, fi àpò gbígbó tí a rán pọ̀ gba òkìkí ní àwọn ọdún 1950. Ibrahim Mahama láti Gánà sì fi irú àpò kòkó bẹ́ẹ̀ bo ògiri gígùn ní ìpàtẹ Venice ní 2015.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló kọlu tiyín. Òróró wọ inú okùn àpò láìsí ohun tó dí i, òróró sì ń jẹ okùn bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba títí á fi rà. Ọ̀rinrin òjò mú àpò náà wú, oòrùn mú un sún kì, ló fi rọ̀. Ẹ kò sì fọ̀ ọ́: òróró tí wọ́n fi hun àpò àti eruku kòkó ṣì wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún ohun tó ń mú nǹkan bu.

Ọ̀nà tó dára nìyí. Ẹ tú ojú ìránṣọ àpò náà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, títí omi rẹ̀ kò fi ní ru mọ́. Ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Ẹ má nà án sórí férémù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìwúùdù 12mm. Ẹ kọ́kọ́ kun iwájú, ẹ̀yìn àti etí páìwúùdù náà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tí a fi omi là, ìwọ̀n 1 sí omi 3, nítorí pákó tí a kùn ní ojú kan nìkan ló máa ń wọ́ nígbà ọyẹ́. Bó bá gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí a kò là kun iwájú, ẹ tẹ́ àpò lé e láti àárín lọ sí etí, kí ẹ máa fi ọwọ́ lé afẹ́fẹ́ jáde. Kí àpò ju pákó lọ ní 5cm yíká, ẹ ká a sẹ́yìn, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ohun tó wúwo lé e fún wákàtí 24.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún fi gọ́ọ̀mù lílà kun ojú àpò lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni ògiri láàárín òróró àti okùn. Ẹ wá fi gesso alákírílíìkì (ọ̀dà funfun tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀ àwòrán) kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ń fi ọ̀dà ìmúlíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀. Calcium ló pọ̀ nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kéré, á fa òróró mu, ojú àwòrán á gbẹ táútáú, á sì bó. Bí kò bá sí owó gesso, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun ìwọ̀n 1 kún ìmúlíṣọ̀n ìwọ̀n 3, kí ẹ sì mọ̀ pé orí pákó líle nìkan ló lè dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ara àpò hàn níbì kan láìkùn, ó dára, ẹwà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ yóò máa sọ ibẹ̀ di ríru lọ́dọọdún. Ẹ yàn án sí ibi tí ríru kò ti ní ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe ẹ̀bá ojú.

Èyí tó ti bàjẹ́ yẹn, ẹ kò lè dá òróró inú rẹ̀ padà. Ẹ gbé e kúrò níbi ọ̀rinrin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn bíbu ẹ̀yìn rẹ̀ nù níta, kí ẹ sì ya òmíràn.

Mo fi kóótà tí wọ́n fi ń dí òrùlé kun ìsàlẹ̀ àwòrán kí òkùnkùn rẹ̀ lè jinlẹ̀ bíi ti àwọn àgbà Yúróòpù, mo wá fi ọ̀dà òróró funfun ya ènìyàn lé e. Ó ti sán bí awọ ọ̀nì, funfun sì ti di ríru.
*Ọ̀yẹ́-Èkìtì*

Àwọn àgbà Yúróòpù náà ṣe é, ó sì ba tiwọn náà jẹ́ gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn ló fi irú ọ̀dà dúdú yìí wá òkùnkùn, àwòrán wọn sì wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí pẹ̀lú ojú tó sán. Kóótà kì í gbẹ délẹ̀ láéláé. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀. Ọ̀dà tó ti le lórí rẹ̀ kò lè tẹ̀ lé e, á là. Àwọ̀ ríru inú kóótà sì máa ń gun òkè wọ inú ohun funfun.

Òfin tí àwọn ọ̀gá fi ń yẹra fún èyí kò le: òróró ipele òkè gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀, kí ìsàlẹ̀ máa kọ́kọ́ gbẹ. Ipele àkọ́kọ́, ẹ fi tọ́pẹ́ńtáìnì là á kó fẹ́lẹ́. Ìkejì, bó ṣe wà. Ìkẹta, ẹ fi linsíìdì ẹ̀kán díẹ̀ kún un. Kóótà nísàlẹ̀ tako gbogbo èyí.

Ẹ kò lè tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kóótà nítorí bó ṣe rí lójú, ẹ lò ó ní ìkẹyìn, lórí pákó, kí ohunkóhun má tún gun orí rẹ̀, kí ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń bà. Bí òkùnkùn nìkan lẹ ń wá, ẹ po èédú kíkúnná mọ́ erùpẹ̀ pupa yíyan nínú linsíìdì, ìwọ̀n 2 sí 1. Ó jinlẹ̀, ó sì ń gbẹ.

Kí ọkàn yín má rẹ̀wẹ̀sì. Leonardo da Vinci fúnra rẹ̀, nígbà tó ń ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sára ògiri ní Milan láàárín 1495 sí 1498, kọ ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kun ògiri tútù. Ó fẹ́ máa dúró, kó máa ronú, kó máa tún un ṣe, ó wá kun ògiri gbígbẹ. Ní 1517, ẹni tó lọ wò ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti ń bàjẹ́. Àtúnṣe tó kẹ́yìn gba wọn láti 1978 títí di 1999.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni iṣẹ́ mi. Mo fi osùn àti èlú ya àwòrán sórí ìwé, mo gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Osùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.
*Ìyá kan, Adó-Èkìtì*

Ẹ kú iṣẹ́ aró, Ìyá. Osùn kì í ṣe ìpẹtà irin. Ara igi ló ti wá, ìmọ́lẹ̀ sì ń fọ́ ọ. Ó dára lára ènìyàn nítorí pé a ń kùn ún lọ́tun, àmọ́ a kì í kun àwòrán lọ́tun. Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Nínú àwòrán yàrá tí Van Gogh yà ní 1888, ògiri tó dà bí búlúù lónìí ní pupa nínú tẹ́lẹ̀. Pupa náà ló ṣá lọ.

Èlú lágbára ju osùn lọ bí ẹ bá lò ó nípọn. Ìfófòó orí ìkòkò aró, ẹ bù ú sórí aṣọ, kó gbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹyin. Nígbà tí ẹ bá fẹ́lẹ́ ẹ, òun náà ń ṣá.

Nípa osùn, ẹ kọ́kọ́ fi erùpẹ̀ pupa ya ohun tí ẹ fẹ́ yà, kó gbẹ, kí ẹ wá fi osùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Bí osùn bá lọ, pupa ìsàlẹ̀ á kù, àwòrán kò ní kú. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kun ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi bébà onídẹ tí wọ́n fi ń wé ẹran bo ìlàjì rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ìyàtọ̀ ìlàjì méjèèjì ni kí ẹ fi han oníbàárà. Ẹ sì gbé èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúrò lónìí.

Mo ń lo eérú àti èédú ilé ìdáná. Èédú ń léfòó lórí omi, kò pò. Eérú sì ba ọ̀dà òróró mi jẹ́, ó dì bí ọṣẹ.
*Ọmúò-Èkìtì*

Ọṣẹ gan-an ló di. Bí àwọn ìyá wa ti ń fi omi eérú àti epo se ọṣẹ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni eérú tí ẹ kò fọ̀ ṣe sí linsíìdì yín. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ eérú, ẹ jẹ́ kó rì, ẹ da omi nù, títí dìgbà tí omi rẹ̀ kò fi ní máa yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ó lè tó ìgbà mẹ́fà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ike ṣe é, nítorí omi eérú ń bó awọ. Kódà lẹ́yìn fífọ̀, inú ẹyin tàbí gọ́ọ̀mù funfun ló dára jù fún un, kì í ṣe inú òróró.

Èédú ń kọ omi. Ẹ kán ògógóró díẹ̀ sí i, ẹ rò ó di ẹrẹ̀, kí ẹ tó fi omi sí i. Á gbà.

Ẹnì kan fẹ́ ra àwòrán mi tí mo fi kọfí àti kòkó yà bí àwòrán àtijọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé á bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?
*Ìjerò-Èkìtì*

Ẹ sọ òótọ́ fún un. Kọfí lórí ìwé á ṣá, kòkó ní ọ̀rá àti oúnjẹ tí aáyán àti èèrà fẹ́ràn. Vik Muniz ará Bràsíl ti fi ṣokoléètì, ẹ̀pà lílọ̀ àti ìdọ̀tí orí ààtàn ya àwọn àwòrán àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, bíi Ikú Marat tí David ará Faransé yà ní 1793. Fọ́tò rẹ̀ ló ń tà. Ohun tó fi yà á, á padà sílé ìdáná tàbí orí ààtàn. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí kò ní oòrùn tààrà, kámẹ́rà kó kọjú sí i gbọọrọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó dára, kí ẹ ta ìyẹn. Bí oníbàárà bá takú pé òun fẹ́ èyí tí ẹ fọwọ́ yà, ẹ gbé e sẹ́yìn gíláàsì, kí gíláàsì má fara kan ojú àwòrán, kí ẹ fi téèpù dí gbogbo etí férémù lẹ́yìn.

Ìwé tó yẹ kó wà lẹ́yìn àwòrán yín, àti ti gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí wa lóṣù yìí, kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ohun tí ẹ fi yà á, ohun tó dì í mú, ohun tó wà nísàlẹ̀. "Erùpẹ̀ pupa Ìkẹ́rẹ́ àti èédú, pupa ẹyin, gesso jẹ́látììnì lórí páìwúùdù 12mm." Ẹ fi ọdún sí i, àti ohun tí kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn ogójì ọdún kò ní í bá yín nílé. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí báírò ń ṣá.